Orúkọ wo ló yẹ ìtàn tó ń gbé inú ọ̀daràn?

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo kí yín láti Àkúrẹ́.

Ẹni tó kọ̀wé ṣáájú mi dábàá pé kí á máa pe ìtàn tó dá lé ìrònú ọ̀daràn ní “ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọkàn”, ó ní gbogbo wa ti mọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tẹ́lẹ̀. N kò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: ẹ gbọ́ “tẹlẹ̀” àti “mú” nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣe ń ṣe nínú Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969, àti nínú Àgbàlagbà Akàn tó tẹ̀ lé e ní 1971. Ẹni tó ka ti àkọ́kọ́ ń wá èkejì nítorí pé Lápàdé ló tún fẹ́ rí.

Ìtàn Raskolnikov, apànìyàn inú ìwé Crime and Punishment tí òǹkọ̀wé Dostoevsky ará Rọ́ṣíà gbé jáde ní 1866, kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú wa ló ṣe fi àáké pa arúgbó ayánilówó, ìwé náà kò sì tíì lọ jìnnà rárá. Adájọ́ tó ń ṣe ìwádìí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni à ń bá rìn. Ní tèmi, bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá ti mú ẹni tó ń wá, mo lè pa ìwé dé kí n sùn. Irú kejì yìí ni mo máa ń kà títí tí n óò fi bá ara mi níbi tí mo ti ń bẹ̀rù pé kí wọ́n má lọ mú apànìyàn náà, tí ojú á sì tì mí.

Ẹlòmíràn mú “ìtàn arínúróde” wá. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n oríkì Ọlọ́run ni; bí mo bá béèrè ìwé arínúróde lọ́wọ́ òǹtàwé l'Ọ́jà Ọba, ìwé àdúrà ni yóò nà sí mi.

Àbá tèmi ni “ìtàn ọ̀ràn-inú”. Mo yan inú dípò ọkàn, nítorí pé inú ni a ń di ènìyàn sí, inú ni a ń kùn sí, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rí ni a sábà máa ń so mọ́ ọkàn. Ọ̀ràn pẹ̀lú ní ojú méjì: ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, ó sì lè jẹ́ èyí tí ọ̀daràn ń dá, bẹ́ẹ̀ nínú irú ìwé yìí, ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ẹnìkan kó tó di ọ̀ràn ìlú.

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ọ, ó ní orúkọ àìsàn inú rírun ni. Mo gbà pé àléébù ni, n kò sì mọ̀ bóyá àmì ìsopọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ tó láti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀rín. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, tí kò sí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú rẹ̀, mo ṣetán láti fi tèmi sílẹ̀.