“Ìfọ́-ojú-ìwé” kọ́ ni orúkọ rẹ̀

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ẹnìkan láàárín wa dábàá pé kí a máa pe àmì tí àwọn oníṣẹ́ EPUB, irú ìwé tí a ń kà lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ń pè ní pagebreak ní “ìfọ́-ojú-ìwé”, àwọn kan sì ti ń kín in lẹ́yìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ó fìdí múlẹ̀. Bí “fọ́” bá ti pàdé “ojú”, “fọ́jú” ni yóò dà, àmì ìdàpọ̀ tí ó fi sí wọn láàárín kò sì lè gbà á sílẹ̀, nítorí pé ẹnu kì í ka àmì ìdàpọ̀. Ìwé tiwa ni yóò wá di afọ́jú.

Iṣẹ́ àmì náà gan-an kò bá orúkọ yìí mu. Inú ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí, nígbà mìíràn láàárín gbólóhùn, ní ibi tí ojú ìwé kan ti parí nínú ìwé títẹ̀ tí òmíràn sì bẹ̀rẹ̀. Ní kíláàsì tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Yábàá, mo ní kí wọ́n ṣí ojú ìwé 47. Àwọn tí ó mú ìwé dání ṣí i, ṣùgbọ́n ìyá kan tí ó sọ lẹ́tà fóònù rẹ̀ di ńlá bá ara rẹ̀ ní 112, torí pé ẹni tí ó ṣe ìwé náà kò fi àmì kankan sí i. Kindle pàápàá, ẹ̀rọ ìkàwé Amazon tí ó jáde ní 2007, kò ní nọ́ńbà ojú ìwé títẹ̀ títí di 2011.

“Ààlà ojú ìwé” ni èmi dábàá. Ààlà kì í fọ́ ilẹ̀, ibi tí ti lágbájá parí sí ni ó ń fi hàn. Bàbá mi tí ó ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú kò sọ rí pé ojú ìwé fọ́. “Ó ti kún, ṣí òmíràn,” ni wọ́n máa ń wí fún ọmọ iṣẹ́.

Ní ti àgbà wa tí wọ́n ní “ojú ewé” ni ó tọ̀nà, tí wọ́n sì fi ọdún tí wọ́n ti fi ṣe tíṣà ní Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe ẹ̀rí, mo gbà pé ewé kan ní ojú méjì, àwọn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ̀wọ́ sọ fún wa, nínú fóònù ìyá yẹn, èwo ni ewé?