Agẹṣinjagun àbí agẹṣinrogun?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a ó máa pe ọ̀dọ́mọkùnrin ilẹ̀ Ọsirélíà tó gẹṣin lọ sógun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Àbúrò tó ń kọ ìtàn wọn ní "ọmọ-ogun ẹlẹ́ṣin" ni òun fẹ́ lò. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní rárá, "agẹṣinjagun" ni. Èmi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

"Ẹlẹ́ṣin" ti pẹ́ lẹ́nu wa. Bíbélì lò ó fún àwọn ọmọ-ogun Fáráò, kò sì sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé ẹni tó ní ẹṣin ló ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Lóòótọ́, ọlọ́pàá náà kọ́ ló ni ọ̀pá tó ń mú kiri, ṣùgbọ́n ẹṣin kì í ṣe ọ̀pá. L'Ọ́yọ̀ọ́ Ilé, láti òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń rà á wá, ìjòyè àti ọlọ́lá ló sì ń so ó mọ́lẹ̀. Ọmọ Ọsirélíà yìí ńkọ́? Àwọn kan nínú wọn mú ẹṣin tiwọn wá láti oko bàbá wọn nígbà tí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ ní 1914. Bí ẹṣin náà bá yege, ìjọba á rà á, wọ́n á fi irin gbígbóná tẹ àmì ìjọba sí i lára. Ọjọ́ tó di ológun gan-an ni kò ní ẹṣin mọ́! Bí kò bá sì tíì pé ọmọ ọdún 21, àfi kó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òbí.

"Agẹṣinjagun" dáa jù ú lọ, àmọ́ ohun tó ń sọ ni pé orí ẹṣin lonítọ̀hún ti ń jà. Wọn kì í ṣe irú ológun bẹ́ẹ̀. Ẹṣin á gbé wọn débi ìjà, wọ́n á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ jà tìbọntìbọn. Mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n máa ń pín ara wọn. Mẹ́ta á lọ síwájú, ẹnì kẹrin á kó ìjánu ẹṣin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dání, á kó wọn pamọ́ sẹ́yìn òkè, á máa retí. Bí wọ́n bá jẹ́ 800, 200 nínú wọn kò ní yìnbọn. Ní Gàlípólì nílẹ̀ Tọ́kì ní 1915, Íjíbítì ni wọ́n tilẹ̀ fi ẹṣin sí, inú kòtò tí ológun ń gbẹ́ sá fún ọta ìbọn ni wọ́n ti jà. Kí ni agẹṣinjagun ń wá nínú kòtò?

"Agẹṣinrogun" ni tèmi: ẹni tó gẹṣin re ogun. Bó ṣe máa jà tó bá débẹ̀, ìyẹn kù sọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé wọ́n á fi ìjà ìlú Beerṣébà ní Palẹ́sítínì dá mi lóhùn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1917, bí oòrùn ti ń wọ̀, ẹgbẹ́ ọmọ-ogun kẹrin àti ìkejìlá nínú wọn sáré ẹṣin rọ́ lu kòtò àwọn ọmọ-ogun Tọ́kì. Kànga inú ìlú náà ni wọ́n ń wá, òùngbẹ ti ń gbẹ àwọn ẹṣin wọn. Wọn ò ní idà. Ọ̀bẹ ẹnu ìbọn ni wọ́n yọ sọ́wọ́. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú wọn ló kú. Àwọn kan débi kòtò tán, wọ́n fò sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjà àfẹsẹ̀jà. Àwọn yòókù gẹṣin wọ ìlú lọ. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n jẹ́ agẹṣinjagun, n ò jiyàn. Àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ wọn nìyẹn. Ní 1918 ni wọ́n tó fún àwọn kan nínú wọn ní idà, àwọn yẹn lè jẹ́ orúkọ méjèèjì.

Ẹni tó dábàá "olókùn-ẹṣin" fún ẹnì kẹrin tó ń kó ìjánu dání, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Oyè ni l'Ọ́yọ̀ọ́, láyé àtijọ́ òun ló máa ń kú tẹ̀lé Aláàfin tó bá wàjà. Ẹ rántí wàhálà tó bẹ́ sílẹ̀ lórí èyí lẹ́yìn tí Aláàfin Síyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní 1944. A ò lè gbé irú ẹ̀ wọ ọmọ ogún ọdún tó ń fún ẹṣin lómi. "Adẹṣinmú" ò burú létí mi, bí ẹnì kan ò bá ní èyí tó sàn jù.

Ní ti gàárì, ìjánu àti kẹ́sẹ́, kí àbúrò má wulẹ̀ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan. Wọ́n wà nílẹ̀.