Rook mi ní ìlà kẹfà: ṣé ọ̀mì ni mo gbé sọnù?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin ọ̀gá mi nínú ṣẹ́ẹ̀sì, mo kí yín. Nínú ìdíje tó wáyé láàárín ẹgbẹ́ wa àti ẹgbẹ́ kan láti àdúgbò kejì, èmi ni mo ta dúdú. Nígbà tó kù díẹ̀ kí àkókò tán, ẹni tí mo ń bá ta ní ọba ní d5 (lẹ́tà ni òpó, nọ́ńbà ni ìlà), pawn kan (ọmọ ayò kékeré tó ń lọ síwájú) ní e5 àti rook (èyí tó ń rìn tààrà lórí òpó tàbí ìlà) ní a7. Èmi ní ọba ní e8 àti rook ní b6. Ó ti pawn rẹ̀ sí e6. Ẹ̀rù bà mí pé yóò pa ọba mi ní ìlà kẹjọ, mo sì yára dá rook mi padà sí b8 kí ó lè máa ṣọ́ ẹ̀yìn. Ó gbé ọba rẹ̀ sí d6, kò sì pẹ́ tí mo fi gbà pé ó ti pa mí láyò. Ṣé mo ti kú tẹ́lẹ̀ ni, àbí ọ̀mì ni kí n tó sún rook?

Èsì kìn-ín-ní
Ọ̀mì ni, kò sí àní-àní. Orúkọ Philidor ni wọ́n fi ń pe ipò yẹn, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó tún jẹ́ olórin, tó sì ṣàlàyé rẹ̀ ní 1777. Níwọ̀n ìgbà tí pawn ṣì wà ní e5, rook yín ní ìlà kẹfà ló ń dínà mọ́ ọba funfun, ẹ kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí pawn bá ti lè tẹ e6, ẹ sáré lọ sí b1, nítorí pé pawn tí ìbá bo ọba rẹ̀ lórí ti lọ síwájú. Ó gbé ọba sí d6, ẹ fi rook ṣe ṣẹ́ẹ̀kì (ẹ halẹ̀ mọ́ ọba rẹ̀) ní d1. Ó padà sí e5, ẹ ṣe é ní e1. Ó yà sí f6, ẹ ṣe é ní f1.

Èsì kejì
Òótọ́ ni, àmọ́ kí a má dá olùbéèrè lẹ́bi jù. Bí pawn náà bá wà ní a, b, g tàbí h, rook tó jókòó sí ìlà kẹjọ lè gba ọ̀mì, nítorí pé ààyè kò sí fún rook funfun láti yí gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Pawn àárín ni kò gbà bẹ́ẹ̀: láti a7, rook rẹ̀ lè fò lọ sí h7, kí ó sì halẹ̀ mọ́ ọba yín ní h8.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Mo tò ó padà lálẹ́ àná, mo ní kí àbúrò mi ta funfun. Mo lọ sí b1 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọba rẹ̀ kò sì rí ibi sá sí.