“Òfófó aládùúrà” kọ́: àbá mìíràn

Ẹ̀yin ará,

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe ọ̀rọ̀ ẹlòmíì tí wọ́n ń tú síta ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ní àdúrà ni àwọn ń bẹ̀ fún un, ní “òfófó aládùúrà”. Ohun tí wọ́n ń wí yé mi. Orúkọ yẹn ni kò tọ́. Aládùúrà ti ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ: ìjọ Kérúbù àti Séráfù tó bẹ̀rẹ̀ ní 1925 àti àwọn ìjọ ẹgbẹ́ rẹ̀. A ó ti bà wọ́n jẹ́ níbi tí a ti ń bá abanijẹ́ wí.

Ṣé òfófó tiẹ̀ ni? Olófòófó ní ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ bá, ìyẹn ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn tàbí tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní olófòófó kò gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Èyí tí à ń wí yìí, ogún èèyàn ló gbọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó máa tún nǹkan kan ṣe nínú wọn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni. Bíbélì Yorùbá náà yà wọ́n sọ́tọ̀: olófòófó ló wà ní Léfítíkù 19:16, asọ̀rọ̀-ẹni-lẹ́yìn ló wà ní Róòmù 1:30. (Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà ní Léfítíkù, rakil, bá èyí tí wọ́n fi ń pe oníṣòwò alárìnkiri tan. Ọjà ló ń kiri lóòótọ́.)

Ẹ wo gbólóhùn yìí: “Ẹ bá wa rántí arábìnrin wa kan ní kúáyà, ọkọ rẹ̀ kò sùnlé láti Sátidé.” Kò dárúkọ o! Ṣùgbọ́n abilékọ mélòó ló wà ní kúáyà? Ọlọ́run kò nílò kúáyà, kò nílò Sátidé, kó tó mọ ẹni náà. Àwọn tó jókòó ni wọ́n wà fún. Kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́, “kò sùnlé” á ti di “ó ti kẹ́rù jáde”, torí ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ sọ a máa fi ti ara rẹ̀ dí ibi tí kò gbọ́ dáadáa. Obìnrin náà á fi kúáyà sílẹ̀. Àwọn tó kù á gbé ìṣòro tiwọn mì. “Ẹ bá wa gbàdúrà fún ìdílé kan” ìbá ti tó, bí obìnrin náà bá tiẹ̀ yọ̀ǹda.

Ẹnìkan bi pé ṣé ẹni tó lọ sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì fún pásítọ̀ ṣòfófó ni. Mátíù 18 ti to ẹsẹ̀ rẹ̀: ìwọ àti ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ nìkan, lẹ́yìn náà ẹnìkan tàbí méjì sí i, kó tó kan ìjọ. (Ẹni tí wọ́n ń lù nílé kọ́ là ń bá wí o, kó tètè wá ẹni tó máa gbà á.) Nínú 1 Kọ́ríńtì 1:11, Pọ́ọ̀lù dárúkọ àwọn tó sọ fún un, àwọn ará ilé Kloe. Ẹni tó lè fi orúkọ rẹ̀ ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ìròyìn ló mú wá.

Àbá tèmi ni “ìfàdúràbojú” fún ìwà náà, “afàdúràbojú” fún ẹni tó ń hù ú. A mọ fífi nǹkan bojú tẹ́lẹ̀, kò sì kan ìjọ kankan. Ó tún ṣeé lò lẹ́nu: “Sísítà, ẹ má fàdúrà bojú, ṣé ó ní kí ẹ sọ ọ́?”