Èkìtì, níbo lẹ wà lọ́dún 2006 tá a ní gómìnà mẹ́ta?

Ọmọ Òkèṣà: Ọ̀rọ̀ Rivers lọ́dún 2025, tí ààrẹ kéde pàjáwìrì tó sì dá gómìnà dúró, ló gbé e wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé nígbà tí àwọn aṣòfin yọ Gómìnà Fáyóṣé ní oṣù kẹwàá 2006, kí lojú yín rí?

Tísà Ìjerò: Adó ni mo wà. Ìgbìmọ̀ tí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Fáyóṣé ò jẹ̀bi. Làwọn aṣòfin bá dá adájọ́ náà dúró, wọ́n fi ẹlòmíràn sípò, ìyẹn gbé ìgbìmọ̀ tiẹ̀ kalẹ̀, kíá, ó ti jẹ̀bi. Adájọ́ àgbà Nàìjíríà ní kò bófin mu, etí dídi. Fáyóṣé ní òun ṣì ni gómìnà, olórí ilé ìgbìmọ̀ ti búra, igbákejì gómìnà náà ní òun ni ipò tọ́ sí. Mo lọ béèrè fáìlì ìgbéga mi, ọ̀gá tó yẹ kó fọwọ́ sí i ní òun ò ní fọwọ́ kan bírò, pé ta lòun fẹ́ jábọ̀ fún? Fáìlì yẹn wà níbẹ̀ títí Ààrẹ Ọbásanjọ́ fi kéde pàjáwìrì, tí Ọ̀gágun Olúrìn sì dé láti wá ṣàkóso.

Bàbá Ìbejì: Ọlọ́run ló fi Ọbásanjọ́ gbà wá.

Lọ́yà Ìkẹ́rẹ́: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, abala 305 nínú òfin orílẹ̀-èdè, tó sọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ò sọ níbì kankan pé kí ààrẹ lé gómìnà. Jonathan kéde pàjáwìrì ní Borno, Yobe àti Adamawa lọ́dún 2013, gómìnà wọn ò kúrò lórí àga.

Bàbá Ìbejì: O ò sí ní Fájuyì l'Adó nígbà yẹn. Àwọn ọmọọ̀ta ò ka abala.

Àbẹ̀kẹ́ Ìdó: Tèmi ni àtúndì ìbò gómìnà 2009, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ wọ́gi lé ti 2007. Ìdó-Ọ̀ṣi wa yìí ni gbogbo ayé ń pariwo èsì rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Ìlọrin wá gbé ipò gómìnà fún Fáyẹmí tó pẹjọ́, 15 oṣù kẹwàá 2010, mo gún iyán fún gbogbo àdúgbò.

Ọmọ Ọ̀yẹ́: Iyán yẹn ò dé Ọ̀yẹ́ o.

Tísà Ìjerò: Ìbò 2007, ìdájọ́ 2010! Ta ló máa dá ọdún yẹn padà fún wa?

Lọ́yà Ìkẹ́rẹ́: Torí irú ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi gbèdéke sínú òfin: 180 ọjọ́ fún ìgbẹ́jọ́, 60 fún kòtẹ́milọ́rùn. Ọdún mẹ́rin Fáyẹmí sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó búra, òun la fi ń dá ìbò gómìnà dì lọ́tọ̀ títí dòní.

Òṣìṣẹ́ Kánsù: Gómìnà, gómìnà. Láti oṣù keje 2024 ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Kọ́tà iwájú ọ́fíìsì tiwa ṣì ya sílẹ̀ gbàgàdà. Ó dùn mí gan-an.

Àbẹ̀kẹ́ Ìdó: Tiwa náà.

Lọ́yà Ìkẹ́rẹ́: Ẹ má gbàgbé 2015 o. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ìyọnípò Fáyóṣé yẹn ò bófin mu.

Bàbá Ìbejì: Ó ti padà wọlé ní 2014 kí wọ́n tó sọ ọ́. Kí ló wúlò fún?

Lọ́yà Ìkẹ́rẹ́: Ó wúlò, bàbá. Torí ìyọnípò yẹn ni wọ́n ṣe pè é lẹ́jọ́ pé kò yẹ ní ẹni tó ń du ipò. Ká ní wọ́n ní ìyọnípò náà tọ́ ni, ó ṣeé ṣe kí ìbò 2014 wọ́gbó.

Bàbá Ìbejì: Fi ìdájọ́ náà ránṣẹ́. Màá kà á fúnra mi.