Iṣẹ́ kò sí, oògùn wọ́n, ara ò sì gbọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Ọmọ Méjì
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ibí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, mi ò dá sí i rí, àmọ́ lóru àná oorun ò kun ojú mi, mo ní kí n kúkú sọ tèmi.

Oṣù keje rèé tí mo ti wà nílé. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí, mi ò jí abẹ́rẹ́ rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ara mi ò dáa lójú àwọn èèyàn, láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá ti ń wò mí bí ẹni tó gbé ejò sápò. Ó ní kí n “lọ sinmi díẹ̀ ná”. Ìsinmi ọ̀hún ni mo ṣì ń sin dòní. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tó jẹ́ pé èmi ni mo máa ń bá wọn bò ó tí wọ́n bá pẹ́ dé, kò sẹ́ni tó pè mí. Ọ̀kan rí mi lọ́nà, ńṣe ló sọdá sódì kejì, ó ń ṣe bí ẹni ń wo fóònù. Fóònù náà ò tiẹ̀ tàn!

Èyí tó dùn mí wọra ni ti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Ó bá wa san owó oògùn fóṣù méjì, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò sígbà tí mo débẹ̀ tí kò ní sọ ọ́ sétí àwọn ọmọ mi pé “oògùn bàbá yín ló ń jẹ owó yín”. Mo ní mi ò gba owó rẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi ní ìgbéraga ló ń yọ mí lẹ́nu. Ṣé ìgbéraga nìyẹn?

Mo ti fìwé wáṣẹ́ síbi tí mi ò lè kà tán. Bí wọ́n bá ti bi mí pé kí ló dé tí mo fi kúrò níbi tí mo wà, ahọ́n mi á lọ́. Oògùn tó kù, ńṣe ni mo ń ṣọ́ ọ lò. Ìbéèrè mi ni pé báwo lẹ ṣe ń rí oògùn tí agbára ká rà? Ṣé ó sì yẹ kéèyàn sọ àìsàn rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́?

Ìyá Bólú
Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Èmi náà rèé, ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára mi láti ọdún kọkànlá. Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti máa ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì mi kí wọ́n má bàa rí mi. Mo wá lọ fi ìgò rẹ̀ pamọ́ sísàlẹ̀ fìríìjì ọ́fíìsì, níbi tí yìnyín wà, pé kò sẹ́ni tó máa ṣí ibẹ̀. Nígbà tí mo máa mú un jáde, ó ti dì gbagidi. Mo jẹ́ kó yọ́, mo sì gún un bẹ́ẹ̀. Ara mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà á! Dókítà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún mi pé èyí tó bá ti dì, kódà kó yọ́ padà, ìdọ̀tí ló yẹ kó lọ. Ohun tí ìfarapamọ́ jẹ́ kí n fi ṣòfò nìyẹn. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi ti gùn.

Kọ́lá Kò Sùn
Ọ̀gbẹ́ni, ẹ kọ ìwé gígùn bí èyí, ẹ ò dárúkọ àìsàn, ẹ ò dárúkọ oògùn. Fóònù tí ò tàn la mọ̀. Kí ló ń ṣe yín gan-an?

Ẹ̀gbọ́n Àgbà
Gba owó ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ, kí o sì dákẹ́. Ẹnu rẹ̀ kò dáa, ọwọ́ rẹ̀ dáa. Àwa tí a ò rẹ́ni bú wa kó tó fún wa lówó ńkọ́?

Bàbá Ọmọ Méjì
Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò sí níbẹ̀ nígbà tí ọmọ mi ọdún méje bi mí pé “Dádì, ṣé tẹ́ ẹ bá dáwọ́ oògùn dúró, a máa lówó?” Ẹ jẹ́ ká fi ti àna mi sílẹ̀.

Apòògùn Òru
Ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀. Orúkọ méjì loògùn máa ń jẹ́: èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ ọ́, tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú páálí, àti orúkọ èròjà tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n kọ wínniwínni sábẹ́. Orúkọ kékeré yẹn ni kẹ́ ẹ máa fi béèrè. Tí àṣẹ tí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é ní lórí rẹ̀ bá ti parí, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn lè ṣe é, owó á sì já wálẹ̀. Láti ọdún 1977 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń gbé ìwé jáde lórí àwọn oògùn tí kò yẹ kó wọ́n níbikíbi, ẹ bi dókítà yín bóyá tiyín wà níbẹ̀.
Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan kọ mí lẹ́sẹ̀. Kí lẹ pè ní “ṣọ́ ọ lò”?

Tìtí Aláròyé
Ti pé kéèyàn sọ fún ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́: má dán an wò! Mo sọ òtítọ́ nígbà mẹ́ta pé ikọ́ sémìísémìí wà lára mi, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ní àwọn máa pè mí. Mò ń retí ìpè náà lọ́wọ́ báyìí. Ìgbà kẹrin mo panu mọ́, mo sì wọlé.

Kọ́lá Kò Sùn
Tìtí, kì í ṣe báyẹn. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wà lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara, ọdún 2006 ni wọ́n ṣe é. Abala 27 rẹ̀ ní wọn ò gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ fi iṣẹ́ du èèyàn, kí wọ́n sì tún ibi iṣẹ́ ṣe débi tó bá yẹ fún un.

Tìtí Aláròyé
Abala 27 ló máa jókòó tì í tí wọ́n bá ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò? Ẹ kú ìwé kíkà o.

Alábòójútó
Mo ti yọ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń polówó “ìwòsàn ọjọ́ méje”. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé. Ẹ máa bọ́rọ̀ lọ.

Bàbá Ọmọ Méjì
Ó dáa. Wárápá ni. Àti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà lára mi. Carbamazepine ni mò ń lò. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ní kí n máa lò ó, ẹ̀ẹ̀kan ni mò ń lò. Tí ara bá dá ṣáṣá, mo máa ń fo ọjọ́ kan. Ọdún mẹ́rin ni kò fi mú mi rárá kó tó mú mi níbi iṣẹ́. Oṣù yẹn, owó ilé ìwé àwọn ọmọ ló gbé gbogbo rẹ̀ lọ, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù.

Apòògùn Òru
Ẹ rí i báyìí? Kì í ṣe àìsàn ló lé yín kúrò níbi iṣẹ́, hóró tẹ́ ẹ fò ni. Bí oògùn wárápá ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé kó máa wà nínú ẹ̀jẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà tọ̀sán-tòru. Tẹ́ ẹ bá já a lójijì, àìsàn náà lè dé, kó má sì dúró. Èyí tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, ó ń pa èèyàn.
Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ ketekete pé owó ni ìṣòro. Ojú á ti yín, ẹ sọ ọ́. Oògùn tó dínwó wà: phenobarbital ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti ọdún 1912, kò wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń kun àwọn kan lóorun. Òun ló máa pinnu, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má dá a ṣe. Èyí tí wọ́n bá sì fún yín, ẹ máa ra ti ilé iṣẹ́ kan náà, ẹ má máa pààrọ̀ páálí lóṣooṣù.

Bàbá Ọmọ Méjì
Mo dúpẹ́. Tìtí lọ̀rọ̀ rẹ̀ bá tèmi mu jù. Mo kúkú ti ríṣẹ́, mi ò fẹ́ kí ẹnu ba nǹkan jẹ́ ni mi ò ṣe sọ. Ọjọ́ Ajé ni màá bẹ̀rẹ̀. Èmi ni màá máa wa bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ, tó ń kó wọn bọ̀, ìdájí àti òru. Wọ́n bi mí nínú fọ́ọ̀mù bóyá wárápá ń ṣe mí, mo fi rárá sí i. Tí mo bá gba owó oṣù àkọ́kọ́, màá ra oògùn pé.

Tìtí Aláròyé
Ẹ dúró. Ẹ dúró ná. Dírẹ́bà kẹ̀? Mo kó ọ̀rọ̀ mi kúrò ńbẹ̀ o! Èmi tí mo panu mọ́, ìwé ni mò ń tẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà
O fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ!

Bàbá Ọmọ Méjì
Ẹ má pariwo lé mi lórí. Mo máa ń mọ̀ tó bá fẹ́ dé. Òórùn kan máa ń kọ́kọ́ wọ imú mi, bíi rọ́bà tó ń jóná. Màá ti páàkì.

Apòògùn Òru
Mo ti gbọ́. Ìgbà tó mú yín níbi iṣẹ́, láti ìgbà tẹ́ ẹ gbóòórùn títí tẹ́ ẹ fi ṣubú, báwo ló ṣe pẹ́ tó?

Kọ́lá Kò Sùn
Ó ti ń lọ sí wákàtí méjì. Bàbá, ṣé ẹ wà níbẹ̀?

Bàbá Ọmọ Méjì
Mo wà níbẹ̀.
Mo gbóòórùn náà, mo ní kí n sọ páálí tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀. Páálí náà ni wọ́n bá lábẹ́ mi.

Ìyá Bólú
Ah, ọmọ mi.

Kọ́lá Kò Sùn
Ẹ pè wọ́n, ẹ ní ẹ ò lè wakọ̀ mọ́. Òru tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ máa ṣe gan-an, àìsùn máa ń jí wárápá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ á ní ibi ìkẹ́rùsí. Ọdún mẹ́fà lẹ fi ka ẹrù, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi wáṣẹ́ nìyẹn. Ẹ ṣáà yẹra fún orí àkàsọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń gbẹ́rù. Níbẹ̀, ẹ sọ fún ẹnì kan ó kéré tán pé tó bá mú yín, kó fi yín fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó wo aago, kó má ki ṣíbí bọ̀ yín lẹ́nu. Wọ́n ní tó 70 nínú 100 àwọn tó ní àìsàn yìí ni kò ní mú mọ́ tí wọ́n bá rí oògùn tó yẹ lò déédéé. Ọdún mẹ́rin yín yẹn, ṣé kì í ṣe ẹ̀rí nìyẹn?

Bàbá Ọmọ Méjì
Mo ti pè. Obìnrin tó gbé fóònù kọ́kọ́ bínú, ó wá béèrè ohun tí mo tún lè ṣe. Mo ní mo mọ ẹrù kà. Ó ní kí n fìwé ránṣẹ́, kò ṣèlérí kankan. Ìyàwó mi ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn mi, mo gbọ́ ohùn wọn láti yàrá, mo ṣe bí ẹni tó sùn. Hóró mọ́kànlá ló kù. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń gba aláìsàn wárápá nílé ìwòsàn wa, màá lọ.

Apòògùn Òru
Ọ̀la ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má dúró de Ọjọ́bọ̀. Ẹ kó páálí oògùn náà dání, kẹ́ ẹ sì sọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ fò.

Ìyá Bólú
Kẹ́ ẹ mú ìyàwó yín dání. Ẹ má wakọ̀ lọ o.