Bí a ṣe ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé ọjọ́ kò ní sún

Àbúrò ní Leeds:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi àti òṣìṣẹ́ mẹ́ta la jọ wà ní ọ́fíìsì ìṣirò owó kékeré tí mo dá sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú iṣẹ́ yìí mọ bí oṣù kìíní ṣe ń rí: ọjọ́ 31 ni ìwé owó orí Self Assessment, èyí tí ẹni ń fúnra rẹ̀ ṣírò, gbọ́dọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ HMRC, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ 22 ni mo dá fún àwọn òṣìṣẹ́ mi. Lánàá, ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ilé wa tí wọ́n bí síhìn-ín, bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kó di ọjọ́ 29. Ọmọ tó mọṣẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀lẹ. Mi ò lè gbà fún un, mi ò sì fẹ́ kó rò pé mo ń fi ipò ọ̀gá ni ín lára. Mo kàn sọ fún un pé "a máa wò ó". Báwo ni kí n ṣe gbé e kalẹ̀ tí inú rẹ̀ kò fi ní bàjẹ́?

Ẹ̀gbọ́n ní Woolwich:
Àbúrò mi, kú iṣẹ́. "A máa wò ó" yẹn ni kí o kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀, kó má di ọ̀la. Nílé, bí àgbà bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ tó létí á ti mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ọmọ tó dàgbà sí Leeds kò ní gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa gbọ́ ni pé o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní 2019. Ojú ń tì mí láti sọ pé rárá fún òṣìṣẹ́ kan tó máa ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀. Mo ń sọ pé "Ọlọ́run á ṣe é", òun náà ń ṣe àmín. Nígbà tí ọjọ́ 31 fi máa kọjá, ìwé oníbàárà méjì kò tíì lọ. £100 ni ìtanràn ẹnì kọ̀ọ̀kan, kódà bí onítọ̀hún kò bá jẹ ìjọba ní kọ́bọ̀. Àpò mi ni mo ti san án. Bó bá kọjá oṣù mẹ́ta, £10 lójúmọ́ ni wọ́n á tún máa gbà, títí á fi di £900. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọmọ náà sunkún, ó ní, "Ẹ ò sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe." Òótọ́ ló sọ.

Kí o tó kọ̀, béèrè ohun tó ń dá a dúró. Bó bá jẹ́ àìlera ọlọ́jọ́ pípẹ́ tàbí àbùkù ara, Equality Act 2010, òfin tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀, ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. O gbọ́dọ̀ wo ìyípadà tó bá ọgbọ́n mu tí o lè ṣe sí iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ tàbí òbí tó gbára lé e bá ṣàdédé ṣàìsàn, òfin fún un láyè láti kúrò fúngbà díẹ̀ lọ tọ́jú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dà bẹ́ẹ̀, pe Acas, àjọ tó ń gba agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ nímọ̀ràn, ọ̀fẹ́ ni, kí o tó dáhùn.

Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló pọ̀, pè é sí kọ̀rọ̀, má ṣe é lójú àwọn yòókù, má sì ṣe é lórí WhatsApp. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ nísinsìnyí nìyí: "Mo ti ka ohun tí o kọ. Mi ò ní lè sún ọjọ́ 22, torí oníbàárà gbọ́dọ̀ ka ìwé rẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i ká tó fi ránṣẹ́, àwọn mìíràn kì í sì í tètè dáhùn. Àmọ́ mo rí i pé ẹrù ọwọ́ rẹ wúwo. Fáìlì wo ló le jù? Jẹ́ kí n gba méjì." Má bẹ̀ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí o bá ń tọrọ àforíjì ṣáá, á dà bí ìgbà tí ìyá ọlọ́jà ń dá iye lé ọjà, á rò pé ó kù kí òun ná an.

Fáìlì tó ku ìwé kan ṣoṣo kó pé kò yẹ kó dúró. HMRC gbà kí a fi iye ìdíwọ̀n, ìyẹn iye tí a fojú bù, sí i, kí a sọ pé ìdíwọ̀n ni, kí a sì tún un ṣe láàárín oṣù 12 lẹ́yìn gbèdéke náà. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọ̀dọ́ ni kò mọ̀.

Ohun tí o bá kọ̀ fún ọmọ wa, kọ̀ ọ́ fún àwọn méjì yòókù náà.

Ará Houston:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Lọ́dọ̀ wa ní Amẹ́ríkà, Form 4868, fọ́ọ̀mù tí a fi ń tọrọ àfikún ọjọ́, máa ń sún ìwé owó orí ara ẹni láti ọjọ́ 15 oṣù kẹrin sí ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, ṣùgbọ́n kò sún owó tí a máa san. Mo máa ń fi han àwọn òṣìṣẹ́ mi, èyí tó ṣeé sún àti èyí tí kò ṣeé sún. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kì í bá mi jiyàn.

Àbúrò ní Leeds:
Ẹ̀gbọ́n, mo ti pè é. Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé kò yẹ kí n sọ "a máa wò ó". Oníbàárà mẹ́ta tí kò kó ìwé wá ló ń dá a dúró, ojú sì ń tì í láti máa pè wọ́n lemọ́lemọ́ torí pé wọ́n dàgbà jù ú lọ. Mo ti gba méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, a ó fi ìdíwọ̀n sí i. Ó ní ìyókù á ti wà lórí tábìlì mi lọ́jọ́ 21.

Ẹ̀gbọ́n ní Woolwich:
Ó dáa. Ìwọ fúnra rẹ pe àwọn mẹ́ta náà láàárọ̀ ọ̀la, kí aago mẹ́wàá tó lù.